Ìtàn Tutu: Aṣọ Ijó tí Wọ́n Gé Kúrú Nítorí Ẹsẹ̀

Àwọn àgbà máa ń sọ pé aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Nínú àròkọ yìí, aṣọ kan ni mo fẹ́ kí dáadáa, kí n sì bi í léèrè ibi tó ti wá. Orúkọ rẹ̀ ni tutu. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé omi tútù tàbí ẹja tútù ni mò ń sọ. Tutu ni síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ yí ìbàdí ká bí agboòrùn, tí àwọn obìnrin oníjó ballet máa ń wọ̀. Àwọn Faransé ló sọ ọ́ lórúkọ yìí, ní nǹkan bí ọdún 1881, láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọdé wọn fi ń pe ìdí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí tutu nínú àwòrán ló máa sọ pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé irinṣẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí àdá ti jẹ́ fún àgbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n gé e kúrú, iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ oníjó fẹ́ ṣe ló fà á. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún sì bẹ̀rẹ̀, tí àwọn obìnrin ìgboro Paris ń bọ́ ohun tó dì wọ́n nígbàáyà sílẹ̀, ìtàgé ijó lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n òmìnira yìí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀mí ni àwọn mìíràn fi dí i.

Ààfin ọba ni ballet ti ṣẹ̀. Láti àwọn ààfin ilẹ̀ Ítálì ló ti dé ilẹ̀ Faransé. Ọba Louis Kẹrìnlá fúnra rẹ̀ jó níwájú àwọn ìjòyè rẹ̀ ní ọdún 1653, nínú aṣọ aláwọ̀ wúrà tó mú un dà bí oòrùn. Ní 1661, ó kó àwọn ọ̀gá oníjó jọ sínú ẹgbẹ́ kan tó gbé lé wọn lọ́wọ́ láti tọ́jú ìlànà ijó. Lórí ìtàgé Opéra ti Paris, ọdún 1681 ni obìnrin tó fi ijó ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ yọjú. Aṣọ tí àwọn ìyáàfin ń wọ̀ lọ sí ààfin náà ni wọ́n ń wọ̀ jó: aṣọ tó wọ́lẹ̀, ìgbàáyà líle, irun àtọwọ́dá àti bàtà gogoro. Aṣọ ìmúròde ni, kì í ṣe aṣọ ijó. Àwọn ọkùnrin ń wọ ṣòkòtò tó mọ ní orúnkún pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, nítorí náà gbogbo ayé ń rí iṣẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin sì sin sábẹ́ aṣọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣí aṣọ náà sókè ni Marie Camargo, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní Opéra ní 1726. Ó mọ fífò. Bó bá fò sókè, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá lẹ́ẹ̀mejì kó tó balẹ̀, àrà tí a mọ̀ mọ́ àwọn ọkùnrin tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè wo ló wà nínú àrà tí ojú kò rí? Ìtàn sọ pé ó gé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrú díẹ̀, kí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lè hàn. Ìwọ̀n ìka díẹ̀ péré ni, síbẹ̀ ó di ariwo. Ẹni tí wọ́n jọ ń díje, Marie Sallé, gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1734, ó jó ní London nínú aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láìsí férémù lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, láìsí irun àtọwọ́dá. Ọ̀kan fẹ́ kí a rí ẹsẹ̀, èkejì fẹ́ kí a rí bí ara ṣe ń yí. Láàárín ọ̀nà méjì yìí ni ìtàn aṣọ ijó ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ tí a lè pè ní ọjọ́ ìbí tutu ni ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1832. Lọ́jọ́ náà, Marie Taglioni jó La Sylphide ní Opéra, ijó tí bàbá rẹ̀, Filippo, tò fún un. Iwin afẹ́fẹ́ ni ó ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ dà bí ẹni tí kò wúwo. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, èyí tó rí bí agogo, tó mọ láàárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Ó fi ìka ẹsẹ̀ dúró, aṣọ náà sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni funfun ti di àwọ̀ ballet. Nígbà tí Giselle jáde ní 1841, àwọn òkú wúńdíá tó kú kí ìgbéyàwó wọn tó pé ló wọ aṣọ yìí lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tò lé ara wọn ló ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń hun nẹ́ẹ̀tì, olówó nìkan ló sì ń rà á. Ní 1809, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Heathcoat, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń hun ún. Ní 1816, àwọn òṣìṣẹ́ tí inú ń bí sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ya wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Loughborough, wọ́n fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà, ó sì kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Tiverton. Nítorí náà, aṣọ tó rí bí ìkùukùu lójú ẹni tó jókòó nínú gbọ̀ngàn, ìjà oúnjẹ òòjọ́ wà nínú òwú rẹ̀.

Ìjà tó burú jù ú lọ ni ti iná. Láti 1822 ni wọ́n ti ń tan iná gáàsì sórí ìtàgé Opéra. Iná náà mú kí aṣọ funfun máa dán bí òṣùpá, ṣùgbọ́n ọwọ́ iná kò jìnnà sí aṣọ. Ní London, ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, aṣọ ọ̀dọ́bìnrin oníjó kan, Clara Webster, gbiná lójú àwọn òǹwòran, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, láti òkèèrè la ti ń wò ó. Ní 1859, ìjọba Faransé pàṣẹ pé kí wọ́n máa rẹ aṣọ ìtàgé sínú omi oògùn tí kò ní jẹ́ kó tètè gbiná. Oògùn náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú kí aṣọ le, kí funfun rẹ̀ sì ṣá.

Emma Livry kọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Taglioni ni, gbogbo ènìyàn sì gbà pé òun ni yóò jogún rẹ̀. Ní 1860, Taglioni to ijó Le Papillon fún un, níbi tí ó ti ṣe labalábá tí iná jó ní ìyẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1862, nígbà ìdánrawò, iná gáàsì ran síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó sáré kọjá lórí ìtàgé, iná ń jó lára rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi jẹ̀rora kó tó kú ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1863, ní ọmọ 20 ọdún. Ìyókù aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà ní ibi ìṣẹ̀ǹbáyé Opéra ní Paris títí di òní.

Àwọn kan lè sọ pé òun ló fà á, nítorí ó kọ oògùn. Èmi kò lè dá a lẹ́bi bẹ́ẹ̀. Ọmọdébìnrin tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí kó dà bí ẹni tí kò wúwo ni. Àwọn tó sanwó wọlé wá wo ìwin, wọn kò wá wo aṣọ líle tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Nígbà tí ẹwà bá ti di iṣẹ́ ẹni, tí ààbò sì ń ba ẹwà náà jẹ́, ta ni ó yẹ kó dáhùn fún ewu rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló gbà mí lọ́kàn jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa tutu.

Lẹ́yìn èyí, ipò iwájú nínú ballet bọ́ kúrò lọ́wọ́ Paris, ó di ti Rọ́ṣíà. Àwọn obìnrin oníjó láti Ítálì ló gbé àrà tuntun lọ síbẹ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ Milan ń kọ́ni ní agbára àti ìyára. Virginia Zucchi dé St. Petersburg ní 1885, ó sì gé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrú ju bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ lọ. Ní 1895, Pierina Legnani jó Swan Lake ní gbọ̀ngàn Mariinsky, ó sì fi ẹsẹ̀ kan pòòyì nígbà 32 láìsinmi. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré nínú aṣọ gígùn, ẹ ó rí i pé aṣọ náà yóò wé mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí síkẹ́ẹ̀tì fi ń gòkè lọ sí orúnkún, tó kọjá orúnkún, títí tó fi wá dúró pẹrẹsẹ níbàdí bí àwo ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń rán an, nítorí aránṣọ ni ìyá mi. Nẹ́ẹ̀tì líle tó ń fi sábẹ́ aṣọ ìyàwó àti aṣọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọbìnrin, tí àwọn aránṣọ ń pè ní cancan, ìbátan tutu ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé cancan ń gbé aṣọ mìíràn dúró, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni tutu ń gbé dúró. Ìpele nẹ́ẹ̀tì 10 sí 12, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n sì ń rán mọ́ pátá. Èyí tó wà lókè ló gùn jù, bí wọ́n sì ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀ ni wọ́n ń kúrú sí i, kí ìsàlẹ̀ lè ti òkè sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ so ìpele kan mọ́ èkejì wọ́ọ́rọ́wọ́, kí wọ́n má bàa tú ká. Bí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, wọ́n á da orí rẹ̀ kodò kí nẹ́ẹ̀tì má bàa rọ. A kì í sì í fọ̀ ọ́ bí aṣọ yòókù. Ọtí vodka ni àwọn olùtọ́jú aṣọ sábà máa ń fín sí ara ìgbàáyà rẹ̀ láti pa òórùn òógùn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kò ní pe tutu ní ẹ̀ṣọ́ lásán mọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí ìtàgé, kí a wo ìgboro. Ní ọdún 1900, nígbà tí oníjó ti ń fi orúnkún hàn, aṣọ àwọn obìnrin ọlọ́lá ní Paris àti London ṣì ń gbá ilẹ̀. Kọ́sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi irin tàbí eegun ẹja àbùùbùtán ṣe ló ń di inú wọn. Ti ìgbà náà ń ti àyà síwájú, ó ń ti ìdí sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á rí wọn bíi lẹ́tà S. Wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, mímí wọn kò sì já gaara.

Obìnrin kan láti Amẹ́ríkà wá bọ́ gbogbo rẹ̀ dànù. Isadora Duncan jó ní St. Petersburg ní òpin ọdún 1904. Kò wọ bàtà, kò wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló wà lára rẹ̀. Michel Fokine, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń to ijó níbẹ̀, wà lára àwọn tó wò ó. Fokine gbà pé kò bójú mu kí gbogbo oníjó máa wọ tutu nínú gbogbo ìtàn. Bí ìtàn bá jẹ́ ti ilẹ̀ Íjíbítì, aṣọ Íjíbítì ló yẹ ẹ́. Ní 1914, ó kọ àwọn ìlànà rẹ̀ sínú lẹ́tà tí ìwé ìròyìn The Times ti London tẹ̀ jáde.

Serge Diaghilev ló kó èrò yìí wọ Paris. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1909, ẹgbẹ́ oníjó rẹ̀, Ballets Russes, ṣí eré ní gbọ̀ngàn Châtelet. Nínú Les Sylphides, wọ́n dá aṣọ gígùn Taglioni padà. Ṣùgbọ́n èyí tó da Paris rú ni Schéhérazade ní 1910. Léon Bakst ló ya aṣọ rẹ̀: ṣòkòtò ńláńlá tó dì ní ọrùn ẹsẹ̀, láwàní, ìlẹ̀kẹ̀, àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ pupa. Ó yẹ kí a sọ òótọ́ pé ìlà oòrùn tí wọ́n fi hàn kì í ṣe ìlà oòrùn tí àwọn onílẹ̀ mọ̀. Àlá àwọn ará Yúróòpù nípa ilé ọba Páṣíà ni. Lọ́dún kan náà, Tamara Karsavina jó The Firebird nínú ṣòkòtò àti ìyẹ́ ẹyẹ, láìsí tutu rárá.

Kò pẹ́ tí irú aṣọ yìí fi gba ìgboro. Paul Poiret ni orúkọ tó lókìkí jù lọ láàárín àwọn aránṣọ Paris nígbà náà. Ní 1911, ó gbé ṣòkòtò obìnrin jáde, ó sì se àsè ńlá kan ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà níbi tí àwọn àlejò 300 ti múra bí ará ìlà oòrùn. Ní 1913, ó rán aṣọ fún eré Le Minaret: ẹ̀wù tí ó fi férémù sí etí rẹ̀ kó lè dúró yí ìbàdí ká bí ìdérí àtùpà. Ẹni tó bá wo àwòrán rẹ̀ á rí àbúrò tutu níbẹ̀.

Ṣé ìtàgé ló wá dá oge tuntun náà sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, Poiret sì jiyàn rẹ̀ gidigidi. Ẹ̀rí kan wà fún un: láti nǹkan bí 1906 ló ti ń rán aṣọ tí kò nílò kọ́sẹ́ẹ̀tì, ọdún mẹ́ta kí Diaghilev tó dé. Ohun tí èmi rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé iná ti wà nílẹ̀, ìtàgé ló fẹ́ ẹ tó fi jò fòfò. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo oge tuntun ló jẹ́ òmìnira. Poiret kan náà tó tú àyà sílẹ̀ ló gbé síkẹ́ẹ̀tì tó fún pinpin ní ẹsẹ̀ jáde ní nǹkan bí 1910, tí obìnrin kò fi lè gbé ìgbésẹ̀ gígùn. Òun fúnra rẹ̀ fi í yangàn pé òun tú àyà, òun de ẹsẹ̀.

Ogun ló parí ìjà náà. Láti 1914, bí àwọn ọkùnrin ti lọ sójú ogun, àwọn obìnrin wọ ilé iṣẹ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì àti ilé ìwòsàn. Síkẹ́ẹ̀tì gòkè kúrò nílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1914, Mary Phelps Jacob gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí kọ́mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lè dípò kọ́sẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di 1924, tí Ballets Russes ṣe Le Train Bleu, Coco Chanel ló rán aṣọ rẹ̀: aṣọ ìlùwẹ̀ àti aṣọ eré ìdárayá bí irú èyí tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ ní etí òkun. Ìtàgé ti ń fi oge ran ìgboro, ìgboro ti wá ń fi tirẹ̀ ran ìtàgé.

Tutu ha kú bí? Kò kú. Anna Pavlova gbé e kiri ayé. Fokine kan náà tó ta ko tutu ló to The Dying Swan fún un, tutu funfun oníyẹ̀ẹ́ ló sì fi jó o, nítorí ẹyẹ ni ìtàn náà, aṣọ ẹyẹ ló sì yẹ ẹ́. Ní 1917, ọmọdékùnrin kan wò ó ní Lima, ní ilẹ̀ Peru, ìran náà sì yí ayé rẹ̀ padà. Ọmọ náà ni Frederick Ashton, tó di ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó to ijó fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pavlova kú ní 1931, tutu kò bá a kú.

Ọ̀ràn kan ṣẹ́ kù, ó sì kàn wá. Ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ pẹ̀lú tutu, awọ ara ènìyàn funfun ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè dà bí ìlà kan láti itan dé ìka. Ẹsẹ̀ aláwọ̀ dúdú ń gé ìlà náà sí méjì. Ní 1974, Dance Theatre of Harlem, tí Arthur Mitchell àti Karel Shook dá sílẹ̀ ní 1969, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ tó bá àwọ̀ oníjó kọ̀ọ̀kan mu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ oníjó dúdú fi ń kun bàtà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ní 2018 ni ilé iṣẹ́ Freed ti London, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Ballet Black, tó gbé bàtà ìka aláwọ̀ búráùn jáde. Lọ́dún kan ṣáájú ìyẹn ni Daniel Ajala dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ ní Àjàǹgbádì, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 2020, fídíò ọmọkùnrin kan láti ilé ẹ̀kọ́ náà, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán pòòyì nínú òjò lórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, ká gbogbo ayé. Kò wọ bàtà, kò sì wọ aṣọ olówó ńlá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn kedere.

Èyí ni ìdí tí mo fi rò pé ìtàn tutu wúlò fún àwa akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí wa. Kọ́sẹ́ẹ̀tì tí àwọn obìnrin Paris bọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ti dé òde àríyá wa báyìí, a fi léèsì àti ańkárá rán an. Mo ti rí ọ̀rẹ́ ìyàwó tí kò lè jókòó jẹun níbi ìgbéyàwó. Mi ò sọ pé kí a má ṣoge. Oge dára, ọmọ aránṣọ ni mí, oge ló ń san owó ilé ìwé mi. Ṣùgbọ́n Camargo kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé kí ni ara fẹ́ ṣe, kí a tó dá aṣọ fún un. Livry sì kọ́ wa pé bí a bá ń pariwo ẹwà lé ọ̀dọ́bìnrin lórí, kí a má ṣe yà kúrò nígbà tí ewu bá dé. Kí aránṣọ tó ta sísọ́ọ̀sì sí aṣọ, kó bi ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ pé: ṣé wàá lè mí, ṣé wàá lè rìn, ṣé wàá lè sá bí iná bá dé?